Koríko tó gbẹ lójú àmọ́ tó ṣì tutù nínú: bí a ṣe ń sá a àti bí a ṣe ń jẹ́ kí atẹ́gùn bá a nínú abà

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí òórùn, torí òórùn ló kọ́kọ́ tàn mí jẹ. Tí ẹ bá wọ abà lọ́jọ́ kẹjọ tàbí ìkẹwàá tí ẹ kó koríko wọlé, tí ẹ wá gbọ́ òórùn kan tó dùn bíi ṣúgà tó ń jóná nísàlẹ̀ ìkòkò, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Èmi rẹ́rìn-ín nígbà tèmi, mo ní koríko ọdún yìí mà dáa o, àfìgbà tí mo ki ọwọ́ bọ àárín béèlì kan (koríko tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ tí wọ́n sì fi okùn dì) tí mo sì fà á yọ kíá bí ẹni fọwọ́ kan ẹyin iná. Lókè, koríko yẹn gbẹ, ó ń dún ràkàràkà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó máa wò ó tó máa ní omi wà níbẹ̀. Nínú ńkọ́? Ó ti pọ́n bí ewé tábà, omi ń rú jáde lára ẹ̀ bí èéfín. Odindi ọjọ́ méjì la fi tú u síta, èyí tó sì ti bàjẹ́ nínú ẹ̀ ò kéré.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé tí koríko bá wọ abà, kò tíì parí gbígbẹ. Inú abà yẹn gan-an ló ti máa parí ẹ̀, tí ẹ ò bá sì ṣílẹ̀kùn fún omi tó kù nínú ẹ̀ láti bá atẹ́gùn jáde, omi yẹn ló máa di ooru.

Kí ló ń gbóná níbẹ̀ gan-an?

Koríko tí ẹ gé ò tíì kú. Ó dà bí àwàdà àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, lẹ́yìn tí ẹ ti gé e lulẹ̀ ó ṣì ń mí, ó ń jẹ ṣúgà ara ẹ̀, ó ń tú ooru jáde, kò sì ní dákẹ́ títí omi inú ẹ̀ á fi wálẹ̀ sí nǹkan bíi 40%. Ṣúgà tó ń jẹ yẹn, ẹran yín ló yẹ kó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan àwọn kòkòrò àìfojúrí, àwọn tó ń mú kí nǹkan bu, àwọn yẹn ò sì nílò omi púpọ̀, tí ọ̀rinrin bá ti lé ní 20% iṣẹ́ ti yá fún wọn. Bí wọ́n ṣe ń jẹ koríko ni wọ́n ń mú ooru wá, wọ́n tún ń tú omi tuntun sílẹ̀, omi yẹn á wá pe àwọn míì sí oúnjẹ. Tí ooru bá ti kọjá 40 dígírì (Celsius ni gbogbo dígírì tí mo bá pè níbí), ṣúgà àti purotéènì á bẹ̀rẹ̀ sí lẹ̀ mọ́ra wọn, àwọ̀ á máa pọ́n, òórùn dídùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan á jáde, ẹran á tiẹ̀ máa fẹ́ràn ẹ̀ lẹ́nu, àmọ́ púpọ̀ nínú purotéènì yẹn máa gba ara ẹran kọjá ni, á sì bá ìgbẹ́ jáde. Tí ooru yẹn bá sì ń pọ̀ sí i láìrí ibi jáde, koríko yẹn lè gbiná fúnra ẹ̀.

Kí ẹ lè mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe tó: koríko tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi ni 75 sí 80% nínú ẹ̀. Kí ẹ tó rí tọ́ọ̀nù kan koríko gbígbẹ tí ọ̀rinrin ẹ̀ jẹ́ 15%, nǹkan bíi 4,250 kílò koríko tútù tó wà ní 80% lẹ máa gé, ìyẹn ni pé omi tó tó 3,250 kílò gbọ́dọ̀ fò lọ. Oòrùn àti atẹ́gùn orí pápá ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Lórí pápá

Mi ò ní pẹ́ níbí torí púpọ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n. Ẹ gé e láàárọ̀ tí ìrì bá ti ń gbẹ, kó lè rí oòrùn gbogbo ọjọ́ yẹn. Ẹ má gé e mọ́lẹ̀ jù, kí kùkùté ẹ̀ tó bíi sẹ̀ntímítà 7 sí 10 kù nílẹ̀, orí ẹ̀ ni koríko tí ẹ gé máa jókòó lé tí atẹ́gùn á máa gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Ẹ sá a fẹ̀ dáadáa, kó bo bíi 70% ilẹ̀ tí ẹ gé, torí èyí tí ẹ kó jọ gègèrè látìbẹ̀rẹ̀, orí ẹ̀ nìkan ló máa gbẹ. Ọ̀pá koríko ló máa ń fi nǹkan falẹ̀, ewé ti gbẹ tipẹ́ tí ọ̀pá ṣì ń pọnmi sínú, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀pá fọ́ bó ṣe ń gé e fi wúlò.

Ti yíyí padà, ẹ ṣe é nígbà tó ṣì tutù díẹ̀, kí ọ̀rinrin ẹ̀ ṣì lé ní 40%. Mo mọ ẹni tó ń yí alfalfa (ewéko kan tí wọ́n ń gbìn fún ẹran jẹ) lọ́sàn-án gangan nígbà tó ti gbẹ kankan, ọ̀pá ló kó wálé, ewé ẹ̀ gbogbo ti rún sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ewé yẹn ni purotéènì wà. Tó bá sì ti gbẹ jù tí ẹ ṣì fẹ́ fi réèkì kó o jọ sí ìlà, ẹ ní sùúrù dàárọ̀ kí ìrì díẹ̀ rọ̀ ọ́.

Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú wò ó

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Gbogbo wa la máa ń ní "ó ti gbẹ, mo mọ̀ ọ́n", ojú wa ò sì lè mọ ìyàtọ̀ láàárín 17% àti 24%, bẹ́ẹ̀ inú ìyàtọ̀ kékeré yẹn ni iná ń gbà wọlé.

Èyí tí ọkàn mi balẹ̀ sí jù ni ti microwave, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n kékeré tó lè ka gíráàmù. Ẹ mú koríko láti ibi tó pọ̀ káàkiri pápá, ní pàtàkì ìsàlẹ̀ ìlà àti ibi tí òjìji wà, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ pò ó pọ̀, ẹ wọn 100 gíráàmù. Ẹ gbé e sórí àwo bébà, ẹ gbé ife omi kan sí igun microwave yẹn kí koríko má lọ gbiná níbẹ̀, ẹ tan án fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ tún dá a padà fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí ìwọ̀n ò fi ní yí mọ́. Tó bá dúró sí 82 gíráàmù, omi 18 ló wà níbẹ̀, 18% nìyẹn, kò sí ìṣirò míì. Ẹ má fi í sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ pe fóònù o, tó bá dúdú ìwọ̀n yẹn ti di irọ́, kó tó kan ti ilé tó lè jó.

Tí ò bá sí microwave, ẹ wá ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò tó gbẹ dáadáa, ẹ ki koríko tí ẹ gé wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀ dé ìdajì, ẹ bu iyọ̀ ṣíbí kékeré kan tàbí méjì lé e, ẹ dé e, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Tí iyọ̀ yẹn bá ṣì ń dà wàrà, koríko yẹn ti gbẹ tó. Tó bá ń dì mọ́ra, ẹ ò tíì lè dì í ní béèlì. Àwọn àgbà tún máa ń fi èékánná ha ara ọ̀pá, tí awọ ẹ̀ bá ń bó, omi ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì máa ń lọ́ ọ lọ́wọ́ bí ẹni ń lọ́ okùn, ó yẹ kó ṣẹ́ lẹ́yìn ìlọ́ mélòó kan. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn nìkan ṣe ìdájọ́ nígbà tí òjò bá ń lé yín bọ̀, torí nírú àsìkò yẹn ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ ni ọwọ́ yín máa sọ fún yín.

Àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rinrin, tí wọ́n máa ń gún bọ béèlì, ẹ gún un níbi mẹ́wàá ó kéré tán, èyí tó ga jù ni kẹ́ ẹ fi ṣiṣẹ́, ẹ má ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ wá pín in. Ibì kan ṣoṣo tó tutù ti tó láti dáná sun gbogbo abà.

Báwo ló wá ṣe yẹ kó gbẹ tó? Ó dá lórí bí béèlì ṣe tóbi tó sì ṣe le tó. Béèlì kékeré onígun mẹ́rin, ẹ má jẹ́ kó ju 18 sí 20% lọ. Onírobótó ńlá, 16 sí 18%. Béèlì ńlá onígun mẹ́rin tí ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ gan-gan bí òkúta, nǹkan bíi 15% ni kẹ́ ẹ máa lé, torí omi àárín ẹ̀ ò rọ́nà jáde. Àwọn tó ń fi ásíìdì propionic (oògùn tí kì í jẹ́ kí koríko bu) sí i lè dì í tó bá dé 25%, ó ń ṣiṣẹ́ tó bá kárí dáadáa. Iyọ̀ tí àwọn kan ń bù wọ́n ọn láàárín béèlì, mi ò fọkàn tán ìyẹn rárá.

Bí ẹ ṣe máa tò ó

Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ilẹ̀ lásán ń fa omi sókè, kọnkéré náà ń fà á, má dá ẹni tó ní kọnkéré ò ṣe é lóhùn. Ẹ to páálẹ̀ẹ̀tì sílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ kó nípọn bíi sẹ̀ntímítà 15. Béèlì kékeré tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dó ilẹ̀ kí okùn ẹ̀ má kan nǹkan tutù, kó má jẹrà.

Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni koríko máa ń làágùn, kódà èyí tó gbẹ dáadáa. Nítorí náà ẹ má tò ó há mọ́ra bí ìgbà téèyàn ń to bíríkì, ẹ fi àlàfo bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ láàárín béèlì sí béèlì, ẹ má sì jẹ́ kó ga jù lásìkò yẹn. Ẹ fi ààyè tí èèyàn lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá sílẹ̀ láàárín koríko àti ògiri, òkè ẹ̀ náà kó má kan páànù. Páànù yìí ni ọ̀pọ̀ ò rò: atẹ́gùn gbígbóná tó gbé omi á lọ sókè, á kan páànù tó tutù lóru, á di omi, á sì kán padà sórí koríko. Tí ẹ bá rí àmì omi ní ìlà gbọọrọ lórí béèlì òkè, tí òjò ò sì rọ̀, ibẹ̀ ló ti wá. Ẹ ṣí òkè òrùlé sílẹ̀ ní gbogbo gígùn ẹ̀ kí ooru rí ibi sá gbà, ẹ sì ṣí ìsàlẹ̀ ògiri sílẹ̀ kí atẹ́gùn tuntun máa wọlé, ọ̀kan ò wúlò láìsí ìkejì.

Èyí tó bá tutù jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kó wálé, ẹ má sin ín sí àárín láéláé. Ẹ yà á sọ́tọ̀, tàbí kó wà lókè pátápátá níbi tí ọwọ́ lè tó o, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ tó wọlé sí i lára. Tuntun ò gbọdọ̀ gun orí ti àtijọ́ títí á fi làágùn tán.

Tí kò bá sí fáànù, ẹ máa ṣí ilẹ̀kùn nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, kẹ́ ẹ sì tì í lóru àti nígbà tí òjò bá ń ṣú. Àwọn míì ń ṣí i tọ̀sán tòru, wọ́n ní atẹ́gùn ni atẹ́gùn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin inú ẹ̀ bá jẹ́ 65 sí 70%, koríko tó bá jókòó sínú ẹ̀ máa wálẹ̀ sí nǹkan bíi 15%. Tó bá lé ní 80%, koríko yín ò ní kúrò lókè 20%, kódà èyí tó ti gbẹ á tún máa mumi padà.

Fáànù

Fáànù dáa, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò omi kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Tọ́ọ̀nù kan koríko tó wọlé ní 20%, kó tó dé 15% omi bíi 59 kílò ló máa jáde. Tó bá wọlé ní 25%, 118 kílò. Tó bá wọlé ní 40%, ẹ ń wá 294 kílò omi lé jáde nínú tọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, gbogbo ẹ̀ fáànù ló máa gbé e, ẹ̀yin sì lẹ máa san owó iná ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí oòrùn ṣe tiẹ̀ tán ná. Koríko tí wọn ò dì, tí wọ́n kàn dà sílẹ̀, ló lè wọlé ní 35 sí 40% tí fáànù bá lágbára. Ti béèlì kékeré tí fáànù máa fẹ́, ẹ má kọjá 25%.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ilẹ̀ abà máa jẹ́ ti pákó tó ní àlàfo láàárín, á ga kúrò nílẹ̀ bíi ìdajì mítà, fáànù á máa ti atẹ́gùn sábẹ́ pákó yẹn, atẹ́gùn á gba inú koríko lọ sókè. Ẹ̀gbẹ́ gbọ́dọ̀ dí pa, torí atẹ́gùn ọ̀lẹ ni, ibi tó bá rọrùn ló máa gbà, ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ti tó kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ á gbà sá. Ohun kan náà ló fà á tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ máa tẹ koríko yẹn mọ́lẹ̀, ẹ tú u ká kó dọ́gba, ibi tí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́ pọ̀ ò ní rí atẹ́gùn, ibẹ̀ ló sì máa bu.

Ìwọ̀n tí wọ́n máa ń lò ni nǹkan bíi 0.1 kúbíkì mítà atẹ́gùn láàárín sẹ́kọ́ńdù kan fún sìkúẹ̀ mítà ilẹ̀ kan. Abà tó jẹ́ mítà 10 sí 8, ìyẹn sìkúẹ̀ mítà 80, ẹ ń wá fáànù tó lè gbé 8 kúbíkì mítà ní sẹ́kọ́ńdù, kó sì lè gbé e nígbà tí koríko ń tì í padà, kì í ṣe nínú afẹ́fẹ́ lásán. Fáànù tí wọ́n fi ń fẹ́ èèyàn ò ṣe é, kó tó tì í dé ìdajì mítà á ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì kó gbogbo koríko dà lé e lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ́kọ́ da bíi mítà kan àbọ̀ sí méjì, ẹ jẹ́ kí ìyẹn gbẹ, kẹ́ ẹ tó da òmíì lé e.

Ìgbà wo lẹ máa tan án? Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣì tutù, ẹ má pa á rárá, tọ̀sán tòru, kódà kí òjò máa rọ̀ níta, torí tí ẹ bá pa á báyìí ooru á bẹ̀rẹ̀, bí ò tilẹ̀ mú un gbẹ á mú un tutù kúrò nínú ooru. Ẹ lọ gbé ọwọ́ sókè koríko, tí atẹ́gùn tó ń jáde bá tutù nini tó sì rinrin, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn. Tí òkè bá ti ń gbẹ, ẹ wá máa tan án nígbà tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá wà nísàlẹ̀ 70% nìkan, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin ò wọ́n, ẹ so ó mọ́ ẹnu fáànù. Tí ẹ bá sì rò pé ó ti parí, ẹ pa á fún odindi ọjọ́ kan, ẹ gun òkè, kí ẹnì kan tan fáànù nísàlẹ̀, atẹ́gùn àkọ́kọ́ tó bá jáde ni kẹ́ ẹ gbóòórùn. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó sì ń rùn bí aṣọ tí ò gbẹ, kò tíì parí. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí ju gbogbo ẹ̀rọ lọ.

Tí afẹ́fẹ́ yín bá máa ń rinrin, ẹ mú kó gbóná díẹ̀ kó tó wọlé. Afẹ́fẹ́ 15 dígírì tí ọ̀rinrin ẹ̀ jẹ́ 80%, tí ẹ bá gbé e dé 20 dígírì péré, ọ̀rinrin ẹ̀ á já wálẹ̀ sí bíi 58%. Òrùlé tí oòrùn ń pa lè ṣe é: ẹ kan pákó sábẹ́ páànù dúdú kí àlàfo wà láàárín, kí fáànù máa fa atẹ́gùn láti ibẹ̀. Ẹ má gbé ohunkóhun tó ń jó geere wá sí tòsí, ẹ sì máa gbá eruku kúrò lórí mọ́tọ̀ fáànù.

Ẹ máa wọn ooru ẹ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ewu ẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ wá páìpù irin bíi mítà mẹ́ta, ẹ pa ẹnu ẹ̀ kan pọ̀ kó rí ṣónṣó, ẹ lu ihò kéékèèké sí i níbẹ̀, ẹ gún un bọ àárín koríko, ẹ fi okùn sọ tẹmómítà sínú ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ ṣe é níbi mélòó kan, lójoojúmọ́.

Tí ò bá dé 50 dígírì, ẹ máa bá tiyín lọ. Tó bá dé 55, ẹ máa wò ó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ sì tú béèlì ká kí atẹ́gùn bá a. Ní 65, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, ọkàn yín ò gbọdọ̀ balẹ̀ mọ́. Tó bá ti kọjá 70, nǹkan yí padà: ẹ má tan fáànù, ẹ má tú u, torí atẹ́gùn tuntun ni iná ń wá, ẹ má sì gun orí ẹ̀, àárín ẹ̀ lè ti jó di kòtò tí ẹ ò rí, èèyàn á jìn sí i. Ẹ pe àwọn panápaná. Ní 80, kò sí ẹni tó yẹ kó gbé béèlì kan kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó dé pẹ̀lú omi. Tó bá pọn dandan kẹ́ ẹ lọ wọ̀n ọ́n lórí, ẹ to pákó gbọọrọ sílẹ̀ rìn, ẹ so okùn mọ́ ara yín, kí ẹlòmíì di ẹnu okùn yẹn mú níta.

Èyí tó wà níta àti èyí tó ti bu

Béèlì onírobótó tó wà níta, orí òkúta wẹ́wẹ́ ni kó wà, ẹ tò ó ní ìlà láti àríwá sí gúúsù kí oòrùn lè kan ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, orí kan orí, kí ìlà sí ìlà fi bíi mítà kan sílẹ̀, kó má sì wà lábẹ́ igi. Ẹ má rò pé òkè ẹ̀ díẹ̀ ló bàjẹ́ o: béèlì tí ìbú ẹ̀ jẹ́ mítà kan àbọ̀, sẹ̀ntímítà 15 tó wà níta ẹ̀ nìkan ti tó 36% gbogbo ẹ̀.

Èyí tó bá ti bu, eruku ẹ̀ kì í ṣe eruku lásán. Ẹni tó bá ń fà á símú lọ́dọọdún, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ lè bàjẹ́ débi tí mímí á ṣòro, ẹṣin náà kì í gbà á. Ìbòmú tó dì mọ́ ojú dáadáa ni kẹ́ ẹ wọ̀, kì í ṣe aṣọ tí ẹ so mọ́ imú. Ẹ máa tú u ní ìta gbangba, kẹ́ ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, kẹ́ ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i kẹ́ ẹ tó fi fọ́ọ̀kì kàn án, kẹ́ ẹ sì kó o jìnnà sí abà lọ ṣe ajílẹ̀, torí ààtàn yẹn náà á tún gbóná.